Ṣé dandan ni ká máa tún index dátábéèsì kọ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀?

@ỌmọÒkèÀdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìdí dátábéèsì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àbójútó SQL Server, ẹ̀rọ dátábéèsì ti Microsoft, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń kó oògùn fún àwọn ilé ìwòsàn. Ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti to job kan (iṣẹ́ tó ń ṣe fúnra rẹ̀) sílẹ̀ tó máa ń tún gbogbo index (atọ́ka tí dátábéèsì fi ń tètè rí ìlà) kọ́ ní alẹ́ Sátidé mọ́jú ọjọ́ Àìkú. Kò yọ ọ̀kankan sílẹ̀, àti kékeré àti ńlá. Dátábéèsì ọ̀hún ti ń lọ sí 400 GB báyìí, job náà ò sì tètè parí mọ́. Transaction log, ìwé tí server ń kọ gbogbo àyípadà sí, á wú títí á fi gba gbogbo àyè tó kù lórí dísìkì, backup tó yẹ kó tẹ̀ lé e á kọ̀, server kejì tó ń gba ẹ̀dà lọ́wọ́ èyí á sì máa wọ́ lẹ́yìn títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Mo bi ọ̀gá mi bóyá ká dá a dúró. Wọ́n ní rárá, pé bí a ò bá ṣe é, tó bá di ọjọ́ Ajé àwọn oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ẹ̀rọ ń falẹ̀. Wọ́n ní àwọn fojú ara àwọn rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ yìí wúlò lóòótọ́? Tí kò bá wúlò, kí ni mo lè fi han àwọn ará ibi iṣẹ́ tí wọ́n á fi gbà?

@ÀgbàDátà

Àbúrò, o káre tó o béèrè kó o tó fọwọ́ kàn án. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ní ọ̀pọ̀ jù lọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú job yìí, wàhálà rẹ̀ ju èrè rẹ̀ lọ.

Wo bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ojú-ìwé tó jẹ́ 8 KB ni SQL Server ń kó dátà sí. Tí ojú-ìwé kan bá kún, tí ìlà tuntun sì gbọ́dọ̀ wọ àárín rẹ̀, SQL Server á mú ojú-ìwé òfìfo kan, á kó bí ìdajì àwọn ìlà náà lọ síbẹ̀. Ìyẹn ni page split. Nǹkan méjì ló ń tìdí ẹ̀ yọ, àwọn èèyàn sì sábà máa ń dà wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ojú-ìwé tó yẹ kó tò tẹ̀ léra á fọ́n ká sórí dísìkì. Èkejì ni pé àyè òfìfo á pọ̀ nínú ojú-ìwé, ohun tó yẹ kó gba mẹ́wàá á wá gba mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Àkọ́kọ́ yẹn ló ń dẹ́rù ba gbogbo ayé, torí òun ni nọ́ńbà tí sys.dm_db_index_physical_stats, ibi tí SQL Server ti ń fi ipò index hàn, ń gbé síwájú wọn. Nígbà tó jẹ́ dísìkì tó ń yí là ń lò, ẹ̀rù náà nídìí: orí tó ń ka dísìkì ní láti rìn láti ibì kan dé ibòmíràn, gbogbo ìrìn bẹ́ẹ̀ ló sì ń gba ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. SSD ò ní orí kankan tó ń rìn. Tí dátà bá sì ti wọ mẹ́mọ́rì, bó ṣe tò sórí dísìkì ò kan query (ìbéèrè tí wọ́n gbé fún dátábéèsì) mọ́. Query tó ń wá ìlà kan ṣoṣo, láti orí index ló ti máa sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ojú-ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa kà, ì báà fọ́n ká, ì báà tò. Ìròyìn ńlá tó ń ka tábìlì látòkè délẹ̀ láti orí dísìkì nìkan ni ìfọ́nká lè bá jà gan-an.

Èkejì ni kó o gbájú mọ́. Orúkọ rẹ̀ ni avg_page_space_used_in_percent, ìyẹn bí ojú-ìwé ṣe kún tó. Tí o bá lo LIMITED, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹ index wò, kò ní fi í hàn ọ́, SAMPLED tàbí DETAILED ni kó o lò. Bí index kan bá jẹ́ 80 GB, tí àwọn ojú-ìwé rẹ̀ sì kún dé ìdajì péré, nǹkan bí 40 GB ni òfìfo, òfìfo yẹn á sì jókòó sínú mẹ́mọ́rì bíi pé dátà ni.

Ní ti òfin tí gbogbo wa bá nílẹ̀, pé bí ìfọ́nká bá wà láti 5% dé 30% ká ṣe reorganize (ká tún un tò láìtún un kọ́), kó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ká ṣe rebuild (àtúnkọ́): Paul Randal, tó bá Microsoft kọ SQL Server nígbà náà, ló yan nọ́ńbà wọ̀nyẹn, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé ibi tí àwọn èèyàn á ti bẹ̀rẹ̀ lòun kàn fẹ́ fún wọn. Àlàyé tí Microsoft ń gbé jáde báyìí sọ kedere pé ká má ṣe fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ nìkan pinnu. Job tiyín ò tiẹ̀ tẹ̀ lé òfin yẹn pàápàá. Ó kàn ń tún gbogbo rẹ̀ kọ́ ni.

@Òṣìṣẹ́Òru_Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀gá rẹ ò parọ́, àbúrò mi. Ohun tí wọ́n rí, òótọ́ ni wọ́n rí i. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ṣì mú.

Nígbà tí SQL Server bá tún index kọ́, ó máa ń ṣe nǹkan méjì míì tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe. Ó máa ń sọ statistics index yẹn (àkọsílẹ̀ bí dátà ṣe pín sí) di tuntun, gbogbo ìlà ló sì máa kà láti fi ṣe é. Lẹ́yìn náà, ó máa ń sọ àwọn plan (ètò bó ṣe máa wá dátà) tó fi pamọ́ sínú cache fún tábìlì yẹn di aláìwúlò, tó fi jẹ́ pé nígbà tí query bá tún dé, plan tuntun ló máa ṣe fún un. Ẹ̀rọ á yá. Gbogbo èèyàn á ní títún un kọ́ ló ṣe é. Ó dà bí ẹni tí ibà ń ṣe tó lo oògùn ibà, tó tún fi ewé nu ara, tó wá ń fi ewé júbà kiri.

Ohun tó ṣeé ṣe kó máa ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ yín rèé. Ẹ ní tábìlì ìwé ọjà (invoice), àbí? Ìlà tuntun ń wọlé lójoojúmọ́, déètì sì ń lọ sókè. Histogram tó wà nínú statistics, tó ń fi bí àwọn iye ṣe pín hàn, ò lè ní ju ìpele 200 lọ, déètì tó ga jù tó mọ̀ ni ti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn. Tí ẹnì kan bá wá béèrè ìwé ọjà ti àná, SQL Server lè rò pé ìlà bíi mélòó kan ló máa rí, á sì yan plan tó bá ìlà díẹ̀ mu. Tó bá wá jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà ló jáde, ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀.

Ó máa ń tún statistics ṣe fúnra rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wo ìgbà tó ń ṣe é. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ó dìgbà tí 20% ìlà pẹ̀lú 500 bá yí padà. Fún tábìlì tó ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ìlà, 2,000,500 nìyẹn. Láti SQL Server 2016, tí compatibility level (ìpele ẹ̀dà SQL Server tí dátábéèsì ń hùwà bíi rẹ̀) bá ti jẹ́ 130 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tábìlì kan náà ò ní dúró ju 100,000 lọ. Lọ wo compatibility level dátábéèsì yín lónìí. Àwọn dátábéèsì tí wọ́n gbé láti server àtijọ́ wá sórí tuntun ṣì máa ń wà lórí 100 tàbí 110, kò sì sẹ́ni tó wò ó. Má kàn yí i padà lójú ẹsẹ̀ o, torí ó máa ń yí ọ̀pọ̀ plan pa dà. Ẹ dán an wò níbòmíràn ná.

Wò ó bóyá job yẹn tún ń ṣe UPDATE STATISTICS lẹ́yìn tó bá ti tún index kọ́ tán. Mo ti rí i ní ibi tó pọ̀. Àtúnkọ́ ti ka gbogbo ìlà, statistics ti pé. UPDATE STATISTICS lásán á wá ka àyẹ̀wò díẹ̀, á sì fi èyí tí kò dára tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò èyí tó dára.

@ọ̀nàòkèèrè

Yàtọ̀ sí ìyẹn, reorganize kì í kan statistics rárá. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe reorganize nìkan tí wọ́n sì rò pé ó ti tán, statistics wọn ń gbó lọ ni.

@Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ẹ̀gbọ́n ÀgbàDátà, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ yín, àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ káwọn èwe ibí rò pé kò wúlò rárá. Níbi iṣẹ́ wa, NEWID(), tó ń pèsè iye tí kò tò tẹ̀ léra, ni wọ́n fi ṣe kọ́kọ́rọ́ tábìlì tó tóbi jù. Ibikíbi ni ìlà tuntun lè bọ́ sí, page split ò dáwọ́ dúró, ojú-ìwé á máa ṣófo sí i. Standard Edition la ń lò, láti 2016 títí dé 2022 kì í lò ju 128 GB lọ fún buffer pool (mẹ́mọ́rì tó ń kó ojú-ìwé dátà sí), bó ti wù kí mẹ́mọ́rì pọ̀ tó nínú server. Tí òfìfo bá gba apá ńlá nínú 128 yẹn, dísìkì là ń sá lọ. Nígbà tá a tún index náà kọ́ pẹ̀lú fill factor 80 (kí ojú-ìwé kún dé 80% péré), iye ojú-ìwé tí query ń kà lọ sílẹ̀ gan-an, a sì rí i lójú SET STATISTICS IO, àṣẹ tó ń fi iye ojú-ìwé tí query kà hàn. Èyí kì í ṣe àbá.

@ÀgbàDátà

Mo gbà, àlàyé gidi nìyí. Ṣùgbọ́n wo ohun tó o ṣe: o mọ index tó ń dà ọ́ láàmú, o mọ ohun tó fà á, o wọn ọ́n kó o tó ṣe é àti lẹ́yìn tó o ṣe é. Kò jọ job tó ń ti ojú dì tún gbogbo rẹ̀ kọ́.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ọmọ Òkè-Àdó gbọ́. Fill factor tó wà nílẹ̀ bí wọn ò bá fọwọ́ kàn án ni 0, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ojú-ìwé kún dẹ́nu. Tó o bá fi ìyẹn tún index NEWID() kọ́ ní òru Sátidé, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kò ní sí àyè fún ìlà kan ṣoṣo níbikíbi. Page split á ya lulẹ̀ bí iṣẹ́ bá ṣe bẹ̀rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì kọ nǹkan sínú transaction log. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ job yẹn gan-an ló ń dá ìfalẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé ó pọn dandan. Kẹ́ ẹ sì má rò pé reorganize á là yín, torí ó kàn lè kó àwọn ìlà jọ dé ibi tí fill factor gbà ni. Kò lè fi ojú-ìwé kún un kí àyè lè wà.

Ìwòsàn tó dájú jù ni kí kọ́kọ́rọ́ máa lọ sókè, NEWSEQUENTIALID() tàbí IDENTITY, tí àwọn tó kọ sọ́fítíwíà bá gbà.

@agbátẹrù

Ṣé kò sí shrink (sísọ fáìlì dátábéèsì di kékeré) nínú job yẹn? Ẹ wò ó dáadáa. Shrink máa ń gbé ojú-ìwé láti ìdí fáìlì wá sí iwájú, bó bá ṣe rí àyè ni, gbogbo ètò index ló máa ń dàrú. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń tún index kọ́, tí fáìlì wú, tí wọ́n wá shrink rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ tún dàrú, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì.

@ỌmọÒkèÀdó

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti wò ó. Shrink wà níbẹ̀ lóòótọ́, òun ni ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn. Compatibility level jẹ́ 110. Standard Edition ni tiwa náà.

@ÀgbàDátà

Yọ shrink yẹn kúrò lónìí olónìí, má dúró de ìpàdé kankan.

@iná_ò_sí

Standard Edition, ìyẹn ni pé kò lè tún un kọ́ pẹ̀lú ONLINE = ON, nígbà táwọn èèyàn ṣì ń lo tábìlì. Tábìlì á wà ní títì títí tó fi máa parí. Ẹ tún rántí ọ̀rọ̀ iná o. Bí iná bá lọ, tí inverter sì tán nígbà tí àtúnkọ́ index ńlá ń lọ lọ́wọ́, gbogbo iṣẹ́ yẹn ló ṣòfò. Nígbà tí server bá dìde, á kọ́kọ́ tú gbogbo ohun tó ti ṣe palẹ̀ kí dátábéèsì tó lè ṣí, ìyẹn sì lè gba àkókò gígùn. Reorganize sàn jùyẹn lọ nírú ibi báyìí, torí kì í ti tábìlì pa, ibi tó bá sì bá iṣẹ́ dé kí iná tó lọ, kò ní tú u. Àtúnkọ́ tó ṣeé dá dúró kó sì máa bá a lọ ti wà láti SQL Server 2017, àmọ́ ONLINE nìyẹn náà, ẹni tó ní Enterprise Edition ló lè lò ó.

@OníPostgres

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i fún àwọn tó ń lo PostgreSQL, ẹ̀rọ dátábéèsì míì, torí ọ̀nà tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá ṣe UPDATE, ẹ̀dà ìlà tuntun ni PostgreSQL ń kọ, èyí tó ti kú á ṣì wà níbẹ̀ títí VACUUM, iṣẹ́ ìgbálẹ̀ rẹ̀, á fi kó o. Ojú-ìwé index tó bá ṣófo pátápátá ṣeé tún lò, àmọ́ èyí tó ku ìlà kan tàbí méjì nínú rẹ̀ á jókòó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà index lè wú lóòótọ́, ìgbà míì sì wà tí REINDEX (àṣẹ àtúnkọ́ index) tọ́. Pgstatindex nínú àfikún pgstattuple ni kẹ́ ẹ fi wò ó, avg_leaf_density (ìdá ọgọ́rùn-ún tí ojú-ìwé kún dé) ni kẹ́ ẹ wò. Index B-tree tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 90, torí náà kí ẹnikẹ́ni má pariwo nítorí 75.

Kẹ́ ẹ tó ṣe REINDEX, ẹ wá ohun tó ń dí VACUUM lọ́wọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan ló ṣí transaction tó gbàgbé, tó wà ní idle in transaction (ó ṣí sílẹ̀ láìṣe nǹkan kan) láti àárọ̀. Kò sí òkú ìlà tí VACUUM lè kó tí transaction àtijọ́ bá ṣì lè nílò rẹ̀. Ẹ tún index kọ́ lálẹ́, bí ilẹ̀ bá mọ́ á ti tún wú. PostgreSQL 13 àti 14 ti mú kí wíwú yìí dín kù gan-an, torí 13 ń pa àwọn iye tó jọra pọ̀ sójú kan, 14 sì ń yọ àwọn ẹ̀dà àtijọ́ kúrò kí ojú-ìwé tó pín.

Ibì kan wà tí REINDEX ti jẹ́ dandan tí kò sí àríyànjiyàn. Ní 2018, glibc 2.28, àkójọ ìlò Linux tí PostgreSQL gbára lé, yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to lẹ́tà padà. Ṣáájú rẹ̀, "11" máa ń ṣáájú "1-1" lábẹ́ en_US.UTF-8; lẹ́yìn rẹ̀, "1-1" ló ń ṣáájú. Bẹ́ ẹ bá gbé server láti Debian 9 lọ sí 10, tàbí láti Ubuntu 18.04 lọ sí 20.04, tẹ́ ẹ sì gbé fáìlì dátábéèsì lọ bó ṣe wà, gbogbo index tó wà lórí ọ̀rọ̀ ti tò lọ́nà tí PostgreSQL ò retí mọ́. Ẹ ó wá orúkọ oníbàárà, kò ní rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú tábìlì. Ẹ̀dà méjì á wọlé sí ibi tẹ́ ẹ ti ní UNIQUE. Ẹ ṣe REINDEX kí ẹnikẹ́ni tó wọlé.

Àwọn tó ṣì wà lórí 14.0 dé 14.3, ẹ gbéra lọ sí 14.4 tàbí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. REINDEX CONCURRENTLY (àtúnkọ́ láìdá àwọn tó ń kọ nǹkan sí tábìlì dúró) nínú àwọn ẹ̀dà yẹn lè ba index jẹ́, ìyẹn ni pé ìtọ́jú gan-an ló ń dá àìsàn sílẹ̀. Ẹ fi pg_amcheck pẹ̀lú --heapallindexed yẹ̀ ẹ́ wò. Tí REINDEX CONCURRENTLY bá kùnà lágbede méjì, ẹ wá index tí orúkọ rẹ̀ parí sí _ccnew, kẹ́ ẹ sì pa á rẹ́, torí gbogbo ìkọ̀wé ń san owó orí rẹ̀ láìsí query kan tó lè lò ó.

@ọmọ_Oracle

Ọ̀rọ̀ Oracle ò gùn. Tom Kyte àti Richard Foote, àwọn àgbà ìdí Oracle, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé rẹ̀: àyè tí ìlà tó ti lọ fi sílẹ̀ nínú index ṣeé tún lò, bẹ́ ẹ bá sì tún un kọ́, á padà sí bó ṣe máa ń tóbi tó. Tábìlì tó dà bí ìlà ìdúró, tí kọ́kọ́rọ́ ń lọ sókè tí wọ́n sì ń pa ìlà àtijọ́ rẹ́ àfi díẹ̀, lè nílò COALESCE (àṣẹ tó ń pa àwọn ojú-ìwé tó ṣófo díẹ̀ pọ̀). Ní MySQL, OPTIMIZE TABLE lórí InnoDB (ẹ̀rọ ìpamọ́ dátà rẹ̀), gbogbo tábìlì ló ń tún kọ́, kì í ṣe index nìkan, kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́.

@Òṣìṣẹ́Òru_Lọ́ńdọ̀nù

Àbúrò, ohun tó o lè fi han ọ̀gá rẹ rèé. Tan Query Store, SQL Server 2016 ló gbé e dé. Jẹ́ kó ṣàkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan tí job yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pa àtúnkọ́ tì, ṣe statistics nìkan. Bí o bá ń lo ìwé aṣẹ ìtọ́jú SQL Server tí Ola Hallengren kọ, ọ̀nà tó o máa gbà pe é nìyí:

EXECUTE dbo.IndexOptimize @Databases = 'USER_DATABASES', @FragmentationLow = NULL, @FragmentationMedium = NULL, @FragmentationHigh = NULL, @UpdateStatistics = 'ALL', @OnlyModifiedStatistics = 'Y'

Tí tábìlì ìwé ọjà bá nílò kíka gbogbo ìlà, fi @StatisticsSample = 100 kún un. Mú àwọn query tí àwọn oníbàárà ń pariwo lé lórí, kó o gbé iye ojú-ìwé tí wọ́n ń kà àti àkókò wọn ní ọ̀sẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Fi bí transaction log àti differential backup (backup ohun tó yí padà nìkan) ṣe tóbi sí kún un. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ á ti hàn sí ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà pàápàá, torí owó dísìkì ni, gbogbo ojú-ìwé tí àtúnkọ́ bá fọwọ́ kàn ni differential sì máa gbé.

@ỌmọÒkèÀdó

Mo dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Màá ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣòro kan ló kù: àwọn auditor wa ní "index rebuild ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀" nínú ìwé tí wọ́n fi ń yẹ̀ wá wò. Tí mo bá pa á tì, wọ́n á ní a ò tọ́jú dátábéèsì.

@ÀgbàDátà

Kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà yín báyìí: a ń wo bí ojú-ìwé index tó ju ojú-ìwé 1,000 lọ ṣe kún tó lóṣooṣù, èyí tó bá nílò ẹ̀ nìkan là ń tún kọ́, pẹ̀lú ìdí tá a kọ sílẹ̀, statistics là ń ṣe lóòru. Kí wọ́n wo àkọsílẹ̀ yẹn dípò job. Àkókò òru Sátidé tó wá ṣófo, fi ṣe DBCC CHECKDB (àyẹ̀wò bóyá nǹkan bàjẹ́ nínú dátábéèsì), kó o sì mú backup kan dá padà sórí server mìíràn kó o rí i pé ó ṣí. Bi wọ́n léèrè bóyá ìyẹn wà nínú ìwé wọn. Ní ibi tó pọ̀ tí mo ti ṣiṣẹ́, kò sí níbẹ̀, òun ló sì yẹ kó ṣáájú.